Ta ni ó ni ọkọ̀ tí ó ń ru kòkó wa?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìlá-Ọ̀ràngún àti gbogbo Ìgbómìnà Ọ̀ṣun, kòkó àti èkùrọ́ kì í parí ìrìn wọn ní Òṣogbo tàbí ní Èkó. Òkun ni wọ́n ń gbà lọ, ẹni tí ó bá sì ni ọkọ̀ ni í dá iye owó ẹrù.

Ní 1895, Elder Dempster ti Liverpool àti àwọn ọlọ́kọ̀ ará Jámánì fi ìmọ̀ ṣọ̀kan: oníṣòwò tí ó bá kó ẹrù sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn yóò pàdánù ẹ̀dínwó rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe di ojú omi mú. Lẹ́yìn ogun Hitler, wọ́n kó ọkọ̀ èrò mẹ́ta jáde: Accra ní 1947, Apapa ní 1948, Aureol ní 1951. Àwọn ọmọ wa bá wọn lọ kàwé ní Ìlú Ọba. Ọkọ̀ náà dára, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n òógùn àwọn àgbẹ̀ wà nínú owó tí a fi kàn wọ́n.

Ní 1959, Nàìjíríà dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun tirẹ̀ sílẹ̀. Ní 1961 ó di ti ìjọba pátápátá. Aureol fi ọ̀nà Èkó sílẹ̀ ní 1974. Kí ni a fi àyè náà ṣe? Gbèsè wọ ilé-iṣẹ́ wa lọ́rùn, a sì tú u ká ní 1995.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kí a tó béèrè ọkọ̀ mìíràn lọ́wọ́ ìjọba, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò máa yẹ ìwé owó rẹ̀ wò, gẹ́gẹ́ bí a ti ń yẹ ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wò.