Ọwọ́ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Kọ́

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ẹ̀rọ kọfí nílé, tí ẹ wá fẹ́ náwó pààrọ̀ ọ̀pá tó ń fẹ́ ooru omi sínú mílíìkì, ẹ dúró ná! Ọ̀pá tí ihò rẹ̀ bá pọ̀ ń fẹ́ ooru púpọ̀. Ìkòkò omi kékeré inú ẹ̀rọ ilé lè má kápá rẹ̀. Ẹ wo máíṣáyì ní Ìyànà Ìbà tàbí Okokomáíkò: ife méjì péré ló ní. Á da tíì láti òkè sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọ̀ ọ́, ìfóòfó á yọ. Ta ló ta ọ̀pá fún un? Báírò olówó ńlá kì í tún ìkọ̀wé ọ̀lẹ ṣe. Ẹ kọ́ ọwọ́ yín. Ẹ fi owó yẹn ra ìwé fọ́mọ.