Láísẹ́ǹsì ẹ́jẹ́ǹtì kì í ṣe ìwé ilé

Ìjọba Èkó ní kí gbogbo ẹ́jẹ́ǹtì tó ń ta ilé forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ LASRERA. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí ẹ́jẹ́ǹtì bá kówó yín sá lọ, ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ o: ẹ́jẹ́ǹtì tó ní láísẹ́ǹsì náà lè mú yín lọ bá ẹni tó ti ta ilé kan ṣoṣo fún èèyàn mẹ́ta (àwọn ọmọ onílẹ̀ wa kúkú mọ̀ ọ́n ṣe). Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí lọ́yà yẹ ìwé ilé náà wò ní Alausa. Bí C of O bá sì wà lórí rẹ̀, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ṣì ní kí gómìnà fọwọ́ sí títà náà.