Àpótí Wo Ni Ó Yẹ Kẹ̀kẹ́ Eré Ìje?

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni mo gbé dé lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn bàbá wa ń fi okùn dì mọ́ orí ọkọ̀ akẹ́rù, tí ó bá já bọ́ tán, òòlù ni wọn yóò fi nà án. Kẹ̀kẹ́ eré triathlon ni, eré tí ènìyàn yóò lúwẹ̀ẹ́, tí yóò gun kẹ̀kẹ́, tí yóò sì tún fi ẹsẹ̀ sáré. Láti ọdún 2000 ni ó ti wà nínú Olympics: kìlómítà kan àbọ̀ nínú omi, 40 lórí kẹ̀kẹ́, 10 lórí ẹsẹ̀.

Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní Òkè-Ajé ni ó wá bá mi. Ọmọ rẹ̀, tí mo kọ́ nígbà kan rí, ń lọ sá eré yìí lókè òkun, wọ́n sì ń wá àpótí líle tí kẹ̀kẹ́ yóò fi wọ ọkọ̀ òfurufú. “Tíṣà,” ó ní, “èyí tí ó le jù lọ ni n óò rà. Kẹ̀kẹ́ yẹn ti jẹ owó ọjà mi.”

Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n ná.”

Ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú ni ó ń gba kílò 23 fún ẹrù kan lọ́wọ́ èrò olówó pọ́ọ́kú, ọ̀pọ̀ kò sì ní gbé ẹrù kan ṣoṣo tí ó bá ju kílò 32 lọ, bí ẹ tilẹ̀ fẹ́ sanwó. Àpótí líle lófìfo máa ń tó kílò 10 sí 14. Kẹ̀kẹ́ a tó 8 sí 10. Èyí tí ìyá yìí ti ná ní Èkó jẹ́ 13, kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ jẹ́ 9. Ó di 22. Ó ku kílò kan. Bàtà, àṣíborí àti sípánà ńkọ́? Èyí tí ó jẹ́ kílò 10 ni a padà fẹnu kò sí.

Síbẹ̀, n kò ní kí a fi àpò aṣọ gbé e. Kábọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ṣe egungun irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀. Irin a máa wọ́, ojú a sì rí i. Kábọ́ọ̀nù lè sán nínú kí ara rẹ̀ ṣì máa dán. Ohun tí mo ń wò nínú àpótí ni òpó àárín, tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì wọnú bí wọ́n bá gbé ẹrù mìíràn lé e, àti tìmùtìmù tí ó ya egungun kẹ̀kẹ́ kúrò lára àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni ó ń dààmú ènìyàn jù. Ti triathlon ní ìwo méjì tí ó yọ síwájú, okùn bíréèkì a sì máa gba inú rẹ̀ kọjá. Àpótí kékeré yóò ní kí a tú u. Àpótí ńlá lè gbà á bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n yóò wúwo sí i. Nítorí náà ẹ gbé kẹ̀kẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ kì í bọ inú àpótí kí owó tó kúrò lápò yín. Kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ tú u, kí ó sì tún un tò, torí kò sí aṣàtúnṣe tí yóò bá a dé ọ̀hún. Pẹ́dà òsì, apá ọ̀tún ni a ń yí i sí bí a bá ń tú u. Kí ó tú ohun tí ń pààrọ̀ jíà lẹ́yìn pẹ̀lú, ìkọ́ rẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ tẹ̀.

Ọ̀nà Èkó ńkọ́? Àpótí yìí kò ṣe é ká. Sienna tí a ká àga ẹ̀yìn rẹ̀ lè gbà á dé Ìkejà. Ọkọ̀ tí ó kún fún èrò, rárá.

Àwọn kan ní wọn yóò yá a ní kẹ̀kẹ́ lọ́hùn-ún. Lóòótọ́, ní Paris lọ́dún 2024, àwọn ará Jámánì yá Ese Ukpeseraye, ọmọ Nàìjíríà, ní kẹ̀kẹ́ tí ó fi sáré nínú pápá. Wọ́n ṣeun. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí a fi ìwọ̀n itan àti ẹ̀yìn ẹni ṣe kì í ṣe agbádá tí a ń yá wọ lọ sí Òjúde Ọba.

Ẹ ya fọ́tò kẹ̀kẹ́ nínú àpótí kí ẹ tó dé e. Bí ó bá fọ́ lọ́nà, kí ọmọ náà sọ fún wọn ní pápákọ̀ kí ó tó jáde, kí ó sì fi ìwé kọ ẹjọ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Ọjọ́ 7 péré ni àdéhùn Montreal ti ọdún 1999 fún un.