Kì í ṣe gbogbo ikọ́ ni ikọ́ ife

Ohun tó bá jọ ohun la fi ń wé ohun, ṣùgbọ́n ohun méjì lè jọra kí wọ́n má jẹ́ ọ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ti lo oògùn ikọ́ ife fún oṣù mẹ́fà, tí ara wọn yá, tí ikọ́ sì tún padà dé. Wọ́n ń rù, ẹ̀jẹ̀ ń bá ikọ́ jáde. Oògùn àtijọ́ ni wọ́n sábà máa ń tún fún wọn, àwọn ará ilé a sì máa wá ẹni tó ń ṣe wọ́n.

Èbu lè wà nídìí rẹ̀, irú èyí tó ń hù lára àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa kí a tó kó o sí àká. Aspergillus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́, gbogbo wa la sì ń fà á símú lójoojúmọ́. Ẹ̀dọ̀fóóró tó le ń fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ gbá a jáde. Ṣùgbọ́n níbi tí ikọ́ ife ti dá ihò sí, èèpo ara lẹ́búlẹ́bú náà a lẹ̀ mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóóró, bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ àgbẹ̀. Bó bá ti rí ibi dì mú, yóò hù, yóò sì lè di bọ́ọ̀lù sínú ihò náà.

Oògùn ikọ́ ife kò lè pa èbu. Itraconazole, tí dókítà ń fúnni fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, wà lára ohun tó ń kápá rẹ̀. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2017, lára ènìyàn 208 tí ọ̀rọ̀ ikọ́ ife gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà ní Nàìjíríà, èèyàn 18 ló ní àìsàn èbu yìí. Lọ́dún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ mẹ́rin tó léwu jù lọ nínú irú wọn.

Èrò tiwa ni pé kí ìjọba mú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti oògùn rẹ̀ dé ọsibítù àwọn ìlú kéékèèké, kó má mọ sí àwọn ìlú ńlá nìkan. Ẹ̀yin òbí wa, bí ikọ́ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ ikọ́ ife wò. Bó bá padà lẹ́yìn ìtọ́jú, ẹ bi dókítà bóyá èbu ni. Ẹni tó ti ní ikọ́ ife rí, kó fi aṣọ bo imú bó bá ń tú àgbàdo tó ti bu, tàbí kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ má dá oògùn rà lọ́wọ́ alágbàtà. Àrùn tí a bá mọ̀ nìkan la lè wò.