Àgùntàn Ń Wò Sùn-ùn: Ẹ Jẹ́ Kí Àwa Náà Wò Ó

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí ká wa lára, nítorí pé owó yín ló wà nínú rẹ̀.

Gbogbo ẹni tó wá sí ìpàdé wa tó kọjá ló mọ ariwo tó sọ nígbà tí a dé orí ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó àgùntàn. Àwọn kan dìde, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ má yá ẹnikẹ́ni lówó mọ́ láti fi sin àgùntàn, pé ohun tó ń kú bí adìẹ kì í ṣe òwò. Àwọn mìíràn ní rárá o, kí ẹgbẹ́ tún fi kún owó náà ni, kí àwọn lè fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé fún ẹran, kí wọ́n sì ra oògùn jọ. Inú bí ìyá kan tó ń ta iṣu, ó sì tọ́ kó bí i. Òun ló ṣe onídùúró fún ọmọ ẹgbẹ́ kan tó yá owó ra àgùntàn mẹ́jọ. Márùn-ún kú kí oṣù méjì tó pé, wọ́n sì ta mẹ́ta tó kù lọ́pọ̀. Nínú àjẹṣẹ́kù ìyá yìí la ti yọ owó tí a fi dí gbèsè náà. Ìyá kò sin àgùntàn rí, kò sì jẹ nínú ẹran rẹ̀, síbẹ̀ òun ló sanwó òkú ẹran.

Èrò tiwa ni pé ọ̀rọ̀ apá méjèèjì kò tíì kan ibi tó yẹ. Àgùntàn kò jẹ̀bi, ilé búlọ́ọ̀kù nìkan kò sì lè gbà wá. Ohun tó pa àwọn ẹran wọ̀nyẹn ni pé a rà wọ́n, a ò wò wọ́n. A sọ pé "a" nítorí pé àwa tí a wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wà nínú ẹ̀bi náà. A kọ fọ́ọ̀mù, a gba ìbuwọ́lù onídùúró, a ka owó sílẹ̀. A kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó ti jókòó ti àgùntàn fún wákàtí kan rí láyé rẹ̀.

Àwọn àgbà ní àgùntàn ń wò sùn-ùn, ọgbọ́n inú rẹ̀ pé egbèje. Ọ̀pọ̀ wa ka àgùntàn sí òpè. Ewúrẹ́ là ń pè ní ọlọ́gbọ́n, nítorí pé ó ń pariwo, ó ń jalè, ó ń gun ògiri. Àgùntàn a máa dákẹ́ ni. Ìdákẹ́jẹ́ yìí gan-an ló ń tan wá jẹ.

Lẹ́yìn ìpàdé náà, àwa mẹ́ta láti inú ìgbìmọ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa tó ń ta gàrí. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń sin àgùntàn lẹ́yìnkùlé rẹ̀, a kò sì gbọ́ pé ó sunkún ẹran. A bi í pé, "Ìyá, oògùn wo lẹ ń lò?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Akọ̀wé, oògùn bí i ti báwo? Ẹ gbé àpótí yẹn, kí ẹ jókòó."

A jókòó láti ìdájí títí oòrùn fi gun òkè díẹ̀, a sì padà lọ nírọ̀lẹ́. Ohun tí a rí níbẹ̀, pẹ̀lú ohun tí àwọn dókítà ẹran ti sọ fún wa, la fẹ́ kọ síbí.

Èkíní, ìyá kò tètè tú ẹran sílẹ̀. Ó dúró kí ìrì gbẹ lára koríko. Ó ní òun ṣàkíyèsí pé ẹran tó bá ń jẹ koríko tútù ìdájí a máa rù. Òótọ́ ni. Ọmọ aràn inú ìgbẹ́ ẹran a máa gun ewé koríko nígbà tí ìrì bá wà, àgùntàn tó sì ń jẹ koríko mọ́lẹ̀ mọ́lẹ̀ á gbé e mì. Ewúrẹ́ fẹ́ràn láti na ọrùn sí ewé òkè, nítorí náà aràn kò rí i tó bẹ́ẹ̀ bó bá rí ewé òkè jẹ.

Èkejì, nígbà tí wọ́n ń jáde, ìyá kò ka iye wọn lásán. Ó ń wo ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó gbẹ́yìn. Àgùntàn kì í dá rìn. Èyí tó ń ṣíwájú lánàá ni yóò ṣíwájú lónìí, ìyókù á tẹ̀ lé e. Bí èyí tó máa ń wà láàárín bá ṣàdédé di ìkẹyìn, tàbí tó dá dúró sí kọ̀rọ̀ kan, ìyá á ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Àgùntàn jẹ́ ẹran tí ẹranko búburú ń lé pa láti ìgbà ìwáṣẹ̀, torí náà kì í fẹ́ fi àìsàn hàn. Ìgbà tí ẹni tí kò fara balẹ̀ bá fi máa rí i pé ara ẹran kò yá, ilẹ̀ ti lè ṣú. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ ra ẹyọ àgùntàn kan ṣoṣo so mọ́ igi. Ìnìkanwà a máa bà á lẹ́rù, kò sì ní jẹun bó ṣe yẹ.

Ẹ̀kẹta, ní ọ̀sán, nígbà tí wọ́n dùbúlẹ̀, ìyá ní kí a ka ẹnu tó ń mì. Àpọ̀jẹ ni wọ́n ń jẹ. Àgùntàn tí ara rẹ̀ le lè lo nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ láàárín ọ̀sán àti òru lórí àpọ̀jẹ nìkan. Bí ìyókù bá dùbúlẹ̀ tí wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ, tí ọ̀kan sì wà tí ẹnu rẹ̀ dákẹ́, tí etí rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, ẹ dìde lọ wo ikùn rẹ̀ ní apá òsì. Bó bá wú bí ìlù, ẹ̀fúùfù ló dì síbẹ̀, kò sì yẹ kí ọ̀rọ̀ náà di ọ̀la.

Kí ló ń fa irú èyí láàárín àwa oníṣòwò? Ohun tí a ń dà sílẹ̀ ni. Ẹni tí ẹran rẹ̀ ń jẹ koríko tẹ́lẹ̀ á ṣàdédé da àgbàdo tàbí gàrí tó bàjẹ́ kún agbada fún un. Àgùntàn á jẹ, inú rẹ̀ á kan, ó sì lè pa á. Díẹ̀díẹ̀ là ń fi oúnjẹ tuntun kọ́ ọ. Èèpo ẹ̀gẹ́ náà ńkọ́? Oúnjẹ gidi ni, ṣùgbọ́n tútù rẹ̀ ní májèlé, pàápàá ti ẹ̀gẹ́ kíkorò. Ìyá alágàrí yìí a máa sá a sí oòrùn kó tó fún wọn. Ọ̀rọ̀ ọ̀rá omi tí a ń sọ sílẹ̀ káàkiri ọjà wa tún wà ńbẹ̀. Àgùntàn ń gbé e mì, kì í dà nínú rẹ̀, á dì pọ̀ síkùn. Ẹran á máa rù, olówó rẹ̀ á máa ra oògùn aràn.

Ẹ̀kẹrin, ojú. Ìyá mú ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Ó ní bó bá pọ́n, ara rẹ̀ dá. Bó bá funfun bí ìwé, aràn ti mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán. Ẹnì kan nínú wa rò pé àgbà ló ń sọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ẹran ní South Africa ti ṣe káàdì aláwọ̀ márùn-ún fún nǹkan yìí gan-an, tí a fi ń mọ àgùntàn tó nílò oògùn aràn àti èyí tí kò nílò rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ń wò yóò ná owó kéré lórí oògùn ju ẹni tó kàn ń da oògùn sí gbogbo wọn lẹ́nu lọ?

Ẹ̀karùn-ún, ìbímọ. Nǹkan bí oṣù márùn-ún ni àgùntàn ń lóyún. Bí ọjọ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ọmú á kún, á kúrò láàárín ẹgbẹ́, á máa fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó yàn bí ibẹ̀ bá gbẹ. Bó bá bí, ẹ jẹ́ kí ó lá ọmọ rẹ̀. Òórùn ni ìyá àgùntàn fi ń mọ ọmọ, láàárín wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá sáré gbé ọmọ náà, tó fọ̀ ọ́, tó fi aṣọ nù ún, ó lè mú kí ìyá rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ohun tí a fẹ́ kí ojú wa rí ni pé ọmọ dìde, ó sì mu wàrà àkọ́kọ́ yẹn kí ó tó pẹ́, nítorí inú rẹ̀ ni agbára tí yóò fi kojú àìsàn wà.

Ẹ̀kẹfà, ẹ má máa na àgùntàn. Ní ọdún 1951 kọ́ o, ní 2001 ni àwọn onímọ̀ ní Babraham Institute, nítòsí Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé àgùntàn lè mọ ojú àádọ́ta àgùntàn mìíràn yàtọ̀ síra, kí ó sì rántí wọn fún ohun tó lé ní ọdún méjì. Wọ́n ń dá ojú ènìyàn mọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ń fi igi lé wọn wọlé lójoojúmọ́ ń kọ́ wọn láti máa sá fún òun ni, tí wọ́n bá sì ń sá fún un, báwo ni yóò ṣe rí ojú wọn tó pọ́n tàbí tó funfun?

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí àwọn mẹ́jọ tí gbèsè wọn di ti oníṣu. Àgùntàn òkè Ọya ni wọ́n, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, tí wọ́n rà nítorí pé wọ́n tóbi, kí wọ́n lè pawó lórí wọn nígbà Iléyá. Àwọn àgùntàn bí Yankasa dára ní ilẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n ti wá. Ìbílẹ̀ tiwa, kúkúrú wọ̀nyí, ló ti mọ ọ̀rinrin ìhín lára, ó sì ń fara da àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri jù wọ́n lọ. Èkejì, ọjọ́ tí wọ́n bọ́ láti inú ọkọ̀ ẹlẹ́rù ni wọ́n tì wọ́n mọ́ inú àwọn ti ilé. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ikun ń dà nímú, ẹnu ń bó, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀. Àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní PPR máa ń wá báyẹn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, wọ́n ń ṣe é ní Vom ní ìpínlẹ̀ Plateau. FAO àti àjọ ìlera ẹranko àgbáyé ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọdún 2015 láti lé àìsàn yìí kúrò láyé kí ọdún 2030 tó parí. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kì í wo ẹran tó ti ṣàìsàn sàn. Kí ó tó dé là ń gún un.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọ́n á ní ìwòran kì í ṣe oògùn. Òótọ́ ni, àwa náà kò sì ní kí ẹnikẹ́ni fi dókítà ẹran sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún dókítà pé kó wá, bí kò ṣe ẹni tó rí i lákòókò? Àwọn mìíràn á ní ọjà kò jẹ́ kí àwọn ráyè. Ẹ gbọ́ ná: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nírọ̀lẹ́. Ẹni tí kò bá rí ìyẹn, ẹ jẹ́ kó ra ọjà mìíràn tí kì í mí.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ gbé síwájú ìpàdé tó ń bọ̀ nìyí. Kí ẹgbẹ́ máa yá owó àgùntàn lọ, ṣùgbọ́n kí ẹni tó fẹ́ ẹ kọ́kọ́ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní agbo ọmọ ẹgbẹ́ kan tó mọ̀ ọ́n, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ọmọ rẹ̀ bá a kọ ọ́. Kí ẹ̀yáwó àkọ́kọ́ má ju ti àgùntàn mẹ́ta lọ, ìbílẹ̀ wa. Kí ẹran tuntun wà lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dara pọ̀ mọ́ ti ilé. Kí onídùúró sì ní ẹ̀tọ́ láti lọ wo agbo náà nígbàkígbà tó bá wù ú, nítorí owó rẹ̀ ló ń jẹ koríko níbẹ̀.

Ní ti ìyá oníṣu, a ti dábàá fún ìgbìmọ̀ pé kí ẹni tó yá owó náà máa dá a padà fún un díẹ̀díẹ̀ nínú ohun tó ń dá sílẹ̀ lóṣooṣù. Ọkùnrin náà ti gbà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹ̀yáwó àgùntàn bá dẹ̀ díẹ̀ lóṣù méjì sí i, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹgbẹ́ ti sá. Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Ẹ wá sí ìpàdé, ẹ sọ tẹnu yín. Ajé á wá jẹ́ o.