Ta Ló Ń Wọn Ohun Tí Aláìsàn Fẹ́?

Bí a bá dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì á wọn ìfúnpá wa, á wọn bí ara wa ṣe gbóná sí. Ta ló ń wọn ohun tí a bá wá?

Ní 1996, àwọn olùwádìí ní Ìlú Ọba gbé fọ́ọ̀mù kan jáde fún un, Patient Requests Form. Ohun mẹ́ta ló hàn pé aláìsàn ń fẹ́: àlàyé pẹ̀lú ìfọkànbalẹ̀, àtìlẹ́yìn fún ọkàn, àti àyẹ̀wò pẹ̀lú ìtọ́jú.

Àwọn àgbàlagbà wa á ní, "Dókítà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n." Ọ̀wọ̀ nìyẹn. Àlàyé ni wọ́n wá gbà, abẹ́rẹ́ ni wọ́n gbà lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bi wọ́n ní Yorùbá: "Kí lẹ fẹ́ kí dókítà ṣe fún yín lónìí?" Iṣẹ́ àwa tí à ń kọ́ Yorùbá ni láti túmọ̀ fọ́ọ̀mù náà.