Àjò Kì Í Dùn Kí Onílé Má Rèlé

Àwọn ọkọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, pàápàá àwọn tí iṣẹ́ wọn wà ní Èkó tàbí Àbújá, tí aya àti ọmọ wọn sì wà ní Ìlá níbí. Ìtàn eré ìje kẹ̀kẹ́ kan ni n ó fi ṣe é.

Ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti ń sá eré ìje náà. Ọdún 1934 ni ó bẹ̀rẹ̀, Gent–Wevelgem sì ni orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi í sá. Ní ọdún 2022, kìlómítà 248.8 ni àwọn ọkùnrin fi kẹ̀kẹ́ gùn. Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Ìlá dé Ìbàdàn kò tíì rìn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń gùn ún, nítorí ẹni tó wà níwájú ni afẹ́fẹ́ ń kọlù. Ẹni tó sá sí ẹ̀yìn rẹ̀ ń fi agbára pamọ́. Àwọn kan á gba afẹ́fẹ́ sára, wọ́n á lọ gbé omi wá, kí ẹnì kan nínú wọn lè borí.

Biniam Girmay, ọmọ ìlú Asmara ní Eritrea, wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún náà. Ọmọ ọdún 21 ni. Ó ti sá eré ìje mìíràn ní ọjọ́ Jímọ̀, ó ṣe ipò karùn-ún. Gent–Wevelgem kò sí nínú ètò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé ló ń lọ. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni kò ti fojú kan aya rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré. Wọ́n yí ètò náà padà, ó sì dúró. Nígbà tó ku díẹ̀ kí eré parí, àwọn mẹ́rin péré ló kù níwájú. Girmay tú eré sílẹ̀, ó sì fi Christophe Laporte ará Faransé sí ipò kejì. Kò sí ọmọ Áfíríkà tó gba eré ìje yìí rí ṣáájú rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ìdánwò dé. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n máa sá Tour of Flanders, èyí tó lókìkí ju èyí tó gbà lọ. Ara rẹ̀ le, orúkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n Girmay kọ̀, ó gba ilé lọ. Ó sún ìrìn náà síwájú lẹ́ẹ̀kan, kò sún un lẹ́ẹ̀kejì.

Ǹjẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́? Rárá. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ó borí lọ́jọ́ kan nínú Giro d'Italia. Ní 2024, ó borí ní ọjọ́ mẹ́ta nínú Tour de France, ó sì gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ gbọ́. Aya tó wà nílé ló ń gba afẹ́fẹ́ sára fún yín. Òun ló ń gbé ọmọ lọ sí ọsibítù lóru, òun ló ń lọ sí ìpàdé òbí ní ilé ìwé, òun ló ń wá káfíńtà nígbà tí òrùlé bá ń jò. Ẹ̀yin ní, “N ó wá ní Ọdún Àjíǹde.” Ó di Kérésì. Kérésì dé, owó nìkan ló wọlé. Owó dára, a kò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá bá dé, tí ọmọ sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀ bí ẹni rí àlejò, owó kò lè pè é jáde.

Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ wọ́n, ọ̀gá mìíràn kì í sì í fúnni láyè. Bí ẹ bá ní láti sún ọjọ́ náà síwájú, ẹ sọ fún wọn nílé, kí ẹ sì dá ọjọ́ mìíràn tí ẹ kò ní í yẹ̀. Ẹ̀yin aya, ẹ jẹ́ kó jẹun kó sinmi ná, kí ẹ tó ka ẹjọ́.

Ọjọ́ wo lẹ dá fún wọn? Bí ẹ kò bá tíì dá ọjọ́ kankan, ẹ dá a lálẹ́ òní. Olúwa yóò mú gbogbo wa délé láyọ̀.